Ẹ bá wa gbẹnu sọ fún àwọn ará Hébúrónì: Lẹ́tà ṣíṣí sí Mínísítà fún Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè

Mínísítà wa ọ̀wọ́n,

 

Ọ̀rọ̀ ìlú Hébúrónì, tí àwọn ará Palẹ́sítínì tó ń gbé ibẹ̀ ń pè ní al-Khalil, ni mo gbé wá síwájú yín. Mo fi lẹ́tà yìí síta kí gbogbo ìlú lè kà á, nítorí orúkọ gbogbo wa ni ẹ fi ń sọ̀rọ̀ níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè bá péjọ sí. Láti ọdún 1988 ni Nàìjíríà ti kéde pé òun gba Palẹ́sítínì ní orílẹ̀-èdè. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìwà wa bá ìkéde yẹn mu. Ṣùgbọ́n kí n tó ka àwọn ẹ̀bẹ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú àwọn ènìyàn ìlú náà ń rí láti òwúrọ̀ títí di alẹ́.

Orúkọ Hébúrónì kò ṣàjèjì ní ilé Yorùbá kankan. Nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì orí 23, nígbà tí Sárà kú, ibẹ̀ ni Ábúráhámù ti wá ilẹ̀ tí yóò sin aya rẹ̀ sí. Onílẹ̀ fẹ́ fi ilẹ̀ náà ta á lọ́rẹ, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó wọn 400 ṣékélì fàdákà fún Éfúrónì ọmọ Hétì ní ẹnu bodè ìlú, níṣojú gbogbo ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má baà lè sọ lọ́la pé àlejò fi agbára gba ilẹ̀ onílẹ̀. Ihò Mákípẹ́là tó rà yẹn ni Mọ́ṣáláṣí Ibrahim wà lórí rẹ̀ lónìí, àwọn Júù náà sì ń bọ̀wọ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ibojì àwọn baba ńlá wọn. Ábúráhámù tí àwọn onígbàgbọ́ wa ń pè ní baba ìgbàgbọ́ náà ni Ànábì Ibrahim tí àwọn Mùsùlùmí wa ń rántí bí wọ́n bá ń pa àgbò Iléyá. Nínú ẹbí kan náà nílẹ̀ Yorùbá, ẹ óò bá ẹni tó ti lọ sí Mẹ́kà àti ẹni tó ti lọ sí Jerúsálẹ́mù. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́sìn kan ṣoṣo ni mo gbé wá.

Hébúrónì wà ní nǹkan bí 30 kìlómítà sí gúúsù Jerúsálẹ́mù. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní 200,000. Ìlú oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò ni: wọ́n ń fi iná fẹ́ gíláàsì aláràbarà, wọ́n ń ran bàtà aláwọ, wọ́n ń gbin àjàrà, wọ́n ń gé òkúta ìkọ́lé. Nítòsí mọ́ṣáláṣí náà, ilé ìdáná kan wà tó ti ń fún aláìní lóúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn, ní ìrántí bí Ànábì Ibrahim ṣe máa ń tọ́jú àlejò. Ní oṣù keje ọdún 2017, UNESCO kọ orúkọ ìlú àtijọ́ náà sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé, ó sì kọ ọ́ mọ́ àwọn tó wà nínú ewu.

Ọdún 1967 ni àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì gba ìlú yìí pẹ̀lú gbogbo apá ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Rábì Moshe Levinger kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì kan láàárín ìlú ní àkókò Àjọ Ìrékọjá, wọ́n sì ní àwọn kò kúrò mọ́. Láti ara wọn ni ìletò Kiryat Arba ti hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú. Nígbà tó di ọdún 1979, àwọn atẹ̀dó náà ti wọ àárín ìlú gan-an. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 1997 pín Hébúrónì sí méjì. Ìdá 80 nínú 100, tí wọ́n ń pè ní H1, bọ́ sábẹ́ àkóso Palẹ́sítínì. Ìdá 20 tó kù, tí wọ́n ń pè ní H2, níbi tí ọjà àtijọ́ àti mọ́ṣáláṣí wà, kù sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì. Ará Palẹ́sítínì tó lé ní 30,000 ń gbé nínú H2 yìí. Àwọn atẹ̀dó Júù tó wà láàárín wọn kò tó 1,000. Nítorí àwọn tí kò tó 1,000 yìí ni wọ́n ṣe ń darí gbogbo ìgbé ayé àwọn yòókù.

Mínísítà wa, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé. Òpópónà Shuhada ni ojú ọjà Hébúrónì nígbà kan rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ẹ̀fọ́ àti wúrà, ibẹ̀ ni gáréèjì ọkọ̀ wà. Lónìí, ará Palẹ́sítínì kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú òpópónà náà. Wọ́n ti jó àwọn ilẹ̀kùn irin tó kọjú sí i pa, kò ṣeé ṣí mọ́. Ìdílé tó ṣì ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù tiwọn ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde, tàbí orí òrùlé aládùúgbò, tàbí kí wọ́n fi àkàsọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti ojú fèrèsé. Arúgbó tí orúnkún ń dùn kò lè gun àkàsọ̀, ilé ló ń jókòó sí.

Ní àwọn òpópónà tí wọ́n sé, ọkọ̀ ará Palẹ́sítínì kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹni tó bá ra sílíńdà gáàsì, àpò ìyẹ̀fun tàbí ibùsùn tuntun ní láti rù ú láti ibùdó àyẹ̀wò dé ilé, ó sì lè jẹ́ pé orí òkè ni ilé náà wà. Bí aboyún bá ń rọbí lóru, áḿbúláǹsì gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ àwọn ológun kó tó lè wọlé. Bí àyè náà bá pẹ́, àwọn ará ilé ni yóò gbé obìnrin náà dé ibi tí ọkọ̀ lè dúró sí.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn ọmọ tó ń lọ sí ilé ìwé Qurtuba, tó wà nítòsí òpópónà yẹn, ní láti gba ibùdó àyẹ̀wò kọjá. Géètì irin tó ń yí ni wọ́n ń gbà wọlé, ẹ̀rọ yóò yẹ ara wọn wò bóyá wọ́n mú irin dání, ṣọ́jà tó gbé ìbọn lọ́wọ́ sì lè ní kí wọ́n tú báàgì ìwé wọn. Lẹ́yìn ibùdó náà, òkúta àti èébú àwọn atẹ̀dó lè máa dúró dè wọ́n. Ìdí nìyí tí àwọn ìjọ Kristi láti òkèèrè fi ń rán àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni wá, ní ọ̀pọ̀ ọdún, láti máa sìn wọ́n lọ sílé ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́fà, ọdún méje, kò gbọdọ̀ nílò ẹlẹ́rìí láti ilẹ̀ òkèèrè kó tó lè kàwé.

Ní àdúgbò Tel Rumeida, láti òpin ọdún 2015, àwọn ọmọ ogun kọ orúkọ àwọn onílé sílẹ̀, wọ́n sì fún wọn ní nọ́ńbà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé náà kò lè wọlé. Fún ìgbà pípẹ́, àbúrò tó ń gbé ní H1 kò lè wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ọdún, ọkọ ìyàwó kò sì lè kó ẹbí rẹ̀ wá síbi ìdána. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ilé jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa. Ilé tí ẹbí kò lè yà sí, tí aládùúgbò kò lè wá bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn níbẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àgọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n.

Nínú ọjà àtijọ́, àwọn oníṣòwò ta àwọ̀n wáyà sórí ọ̀nà nítorí pàǹtírí, ìgò àti omi ìdọ̀tí tí àwọn atẹ̀dó tó ń gbé lókè ń jù lé wọn lórí. Pàǹtírí náà ṣì wà lórí àwọ̀n, omi sì ń kán gba inú rẹ̀ sórí aṣọ àti èso tí wọ́n pàtẹ. Àwọn ilé kan ti fi irin gàdágbà dí fèrèsé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn pátápátá nítorí òkúta. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kírun ní Mọ́ṣáláṣí Ibrahim gbọ́dọ̀ kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ àyẹ̀wò àti ojú àwọn ṣọ́jà, ìgbà púpọ̀ sì ni àwọn aláṣẹ kì í jẹ́ kí wọ́n pe ìrun níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, oorun kò dájú. Àwọn tó ti jẹ́ ṣọ́jà Ísírẹ́lì rí, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Hébúrónì, fi ẹnu ara wọn ròyìn bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn ilé àwọn ènìyàn tí wọn kò fẹ̀sùn kankan kàn, tí wọ́n ń jí ọmọdé, tí wọ́n sì ń ya àwòrán ìdílé náà lóru. Àwọn ṣọ́jà wọ̀nyí ló dá ẹgbẹ́ Breaking the Silence sílẹ̀ ní ọdún 2004, nítorí ohun tí wọ́n ṣe ń da ọkàn wọn láàmú.

Ẹ̀rọ pẹ̀lú ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2021, ìwé ìròyìn Washington Post ròyìn pé àwọn ṣọ́jà ń fi fóònù ya ojú àwọn ará Palẹ́sítínì sínú àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní Blue Wolf, àti pé wọ́n ń fún ẹgbẹ́ ṣọ́jà tó bá ya àwòrán jù lọ ní ẹ̀bùn. Ní ọdún 2023, Amnesty International sọ nípa ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mìíràn tó wà ní àwọn ibùdó àyẹ̀wò Hébúrónì, tí wọ́n ń pè ní Red Wolf. Kámẹ́rà yóò wo ojú ènìyàn, ẹ̀rọ yóò sì sọ bóyá kó kọjá tàbí kí wọ́n dá a dúró. Ẹni tí ẹ̀rọ kò bá mọ̀, ẹ̀rọ náà yóò fi àwòrán ojú rẹ̀ pamọ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó jáde lọ ra búrẹ́dì lè má lè padà sílé nítorí pé ẹ̀rọ ní òun kò mọ̀ ọ́n.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe dà báyìí? Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1994, ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Ràmàdáánì, Baruch Goldstein, dókítà kan tó ń gbé ní Kiryat Arba, wọ Mọ́ṣáláṣí Ibrahim ní àsìkò ìrun àárọ̀. Ó yìnbọn lu àwọn tó ń kírun láti ẹ̀yìn. Ó pa ènìyàn 29, ó sì ṣe àwọn tó lé ní 100 léṣe. Yorùbá ní ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ní Hébúrónì, àwọn tí wọ́n pa ènìyàn wọn ni wọ́n gé. Orí wọn ni kónílé-ó-gbélé dé, ọ̀nà ọjà wọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tì, mọ́ṣáláṣí wọn ni wọ́n pín sí méjì. Àwọn atẹ̀dó kò kúrò lójú kan.

Nígbà tí ìjà tuntun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ísírẹ́lì àti àwọn ará Palẹ́sítínì ní ọdún 2000, ọ̀rọ̀ burú sí i. Ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kónílé-ó-gbélé wà ní àárín ìlú fún ọjọ́ 377, 182 nínú rẹ̀ sì tẹ̀ léra wọn. Ní ọdún 2007, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn B'Tselem àti ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú ní Ísírẹ́lì, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fúnra wọn, jọ ka ohun tó ti ṣòfò. Wọ́n bá ilé 1,014 tí àwọn ará Palẹ́sítínì ti kó jáde nínú rẹ̀, àti ṣọ́ọ̀bù 1,829 tí kò ṣí mọ́. Ó kéré tán, 440 nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù náà ló jẹ́ pé àwọn ológun ló pàṣẹ kí wọ́n tì wọ́n.

Lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ Hamas ti Palẹ́sítínì pa nǹkan bí 1,200 ènìyàn ní Ísírẹ́lì ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2023, kónílé-ó-gbélé padà dé bá ọ̀pọ̀ àdúgbò H2. Nígbà tí wọ́n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, wákàtí kan láàárọ̀ àti wákàtí kan nírọ̀lẹ́, ní ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀, ni wọ́n fún àwọn ènìyàn láti jáde. Ẹni tó bá pẹ́ lọ́jà yóò wá ibi tí yóò sùn sí.

Òfin méjì ló wà lójú ọ̀nà kan náà. Bí ọmọ atẹ̀dó bá ju òkúta, ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ ará ìlú ti Ísírẹ́lì ni ẹjọ́ rẹ̀ ń lọ. Bí ọmọ Palẹ́sítínì bá ju òkúta, iwájú adájọ́ tó wọ aṣọ ológun ni yóò dúró. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ṣọ́jà kan tó ń jẹ́ Elor Azaria yìnbọn sí orí Abdel Fattah al-Sharif ní Hébúrónì. Ọkùnrin náà ti gún ṣọ́jà kan lọ́bẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti yìnbọn fún un, ó sì ti nà gbalaja sílẹ̀, kò lè dìde. Aládùúgbò kan ló ká a sínú fídíò. Ilé ẹjọ́ dá ṣọ́jà náà lẹ́bi. Oṣù mẹ́sàn-án péré ló lò lẹ́wọ̀n.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ fún yín, ó sì yẹ kí a gbọ́ tiwọn. Wọ́n á ní àwọn Júù ti ń gbé Hébúrónì látayébáyé, àti pé ní oṣù kẹjọ ọdún 1929, àwọn Árábù pa Júù 67 níbẹ̀, títí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọdé. Òótọ́ ni. Ìwà ìkà ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fojú kékeré wò ó. Òótọ́ náà ni pé ọ̀pọ̀ ìdílé Árábù fi àwọn Júù aládùúgbò wọn pamọ́ sínú ilé lọ́jọ́ náà, tí wọ́n sì gba ẹ̀mí wọn là. Wọ́n á tún ní ìjọba Ísírẹ́lì gbọ́dọ̀ dáàbò bo àwọn ènìyàn rẹ̀. Kò sí ìjọba tí kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún 2010 kò mọ ohunkóhun nípa 1929, kò sì sí ààbò tó lè fa ká jó ilẹ̀kùn ilé baba rẹ̀ pa mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé nítòsí ibojì Ábúráhámù yẹ kó gbé níbẹ̀ bí Ábúráhámù ṣe gbé, pẹ̀lú àdéhùn àti ọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá nílẹ̀.

Òfin àgbáyé ti sọ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague sọ nínú ìmọ̀ràn rẹ̀ pé bí Ísírẹ́lì ṣe ń jẹgàba lórí ilẹ̀ Palẹ́sítínì lòdì sófin, ó sì gbọ́dọ̀ dópin ní kíá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, orílẹ̀-èdè 124 dìbò ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé kó dópin láàárín oṣù 12. Gbèdéke náà ti kọjá, ilẹ̀kùn òpópónà Shuhada ṣì wà ní títì.

Ó wá kan tiwa. Ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún 2014, Nàìjíríà wà lórí àga nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà tí wọ́n gbé àbá kan wá pé kí ìjẹgàba náà dópin kí ọdún 2017 tó parí. Ìbò mẹ́sàn-án ni àbá náà nílò, mẹ́jọ ló rí. Nàìjíríà wà lára àwọn márùn-ún tí kò dìbò bẹ́ẹ̀ ni, tí wọn kò sì dìbò bẹ́ẹ̀ kọ́. Òótọ́ ni pé Amẹ́ríkà ní agbára láti fagi lé e, bó tilẹ̀ rí mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n nítorí pé àwa fà sẹ́yìn, kò tilẹ̀ nílò láti lo agbára náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, a sì wo ibòmíràn.

Nítorí èyí, Mínísítà wa, ohun mẹ́rin ni mò ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe.

Èkíní, ẹ pàṣẹ fún àwọn aṣojú wa ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé nígbà tí ọ̀rọ̀ òpin ìjẹgàba yìí bá tún dé orí ìbò, Nàìjíríà kò gbọdọ̀ fà sẹ́yìn mọ́, ẹnikẹ́ni tí ì báà pè wá lórí fóònù.

Èkejì, ẹ bá wa béèrè pé kí àwọn alákìíyèsí láti ilẹ̀ òkèèrè padà sí Hébúrónì. Lẹ́yìn ìpànìyàn ọdún 1994 ni wọ́n kọ́kọ́ rán wọn síbẹ̀, wọ́n sì padà wá fìdí múlẹ̀ láti ọdún 1997. Àwọn ará Norway, Sweden, Ítálì, Switzerland àti Tọ́kì ló wà nínú wọn títí di oṣù kìíní ọdún 2019, nígbà tí Benjamin Netanyahu, olórí ìjọba Ísírẹ́lì, kọ̀ láti sọ àṣẹ wọn dọ̀tun. Nàìjíríà ti rán ọmọ ogun àti ọlọ́pàá lọ pẹ̀tù síjà ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. A lè yọ̀ǹda pé a ó rán alákìíyèsí lọ sí ìlú yìí pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta, ẹ bá àwọn tó ń ṣètò ìrìnàjò mímọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn onígbàgbọ́ wa ń lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ìlú Palẹ́sítínì tí òun náà wà lábẹ́ ìjẹgàba, wọ́n sì ń padà wálé pẹ̀lú JP, oyè arìnrìnàjò mímọ́ sí Jerúsálẹ́mù, lẹ́yìn orúkọ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ kí wọ́n tó lọ pé àwọn ènìyàn ń gbé lẹ́yìn ògiri tí wọn yóò rí lójú ọ̀nà, Kristẹni wà nínú wọn, Mùsùlùmí wà nínú wọn. Kí wọ́n sì bá àwọn àlùfáà Palẹ́sítínì sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wọkọ̀ padà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ rí i dájú pé owó Nàìjíríà kò ra ẹ̀rọ tí wọ́n ti dán wò lára àwọn ará Hébúrónì. Ẹ̀rọ tó ń ka ojú ènìyàn bí ẹrú níbẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ojú ọ̀nà wa.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀bẹ̀ wọ̀nyí tó béèrè pé kí Nàìjíríà bá Ísírẹ́lì ṣọ̀tá. Orílẹ̀-èdè méjèèjì ń bára wọn dọ́rẹ̀ẹ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ tòótọ́ ló yẹ kó lè sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ohun tó ń ṣe kò tọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ka lẹ́tà yìí pẹ̀lú, ẹ má fi í sílẹ̀ fún Mínísítà nìkan. Ẹ kọ̀wé sí aṣojú yín ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ẹ bi pásítọ̀ yín àti ìmáàmù yín ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ìlú tí wọ́n sin Ábúráhámù sí.

Mínísítà wa, ìbò mìíràn ń bọ̀. Nígbà tó bá dé, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ Nàìjíríà wà lókè pẹ̀lú àwọn tó ní kí ará Hébúrónì lè ṣílẹ̀kùn ilé rẹ̀, kó sì rìn lọ sọ́jà láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ṣọ́jà kankan.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ Nàìjíríà kan, láti Ìbàdàn.